Ẹ wo abẹ́ irin ìyanran kí ẹ tó sanwó gíríìlì onígáàsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Iléyá ń bọ̀, àwọn èèyàn sì ti ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí à ń tún ohun èlò gáàsì ṣe pé irú gíríìlì wo ló yẹ kí àwọn rà sílé, èyí tó máa pẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì ní já sásán. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbà lọ́jà ni pé kí wọ́n ka iye bọ́nà tó ní, kí wọ́n sì wo bó ṣe ń dán. Ìdáhùn yẹn ló ń sọ gíríìlì ọdún yìí di irin àlòkù lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó ń pa gíríìlì kò sí lára ìdérí. Ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí iná, iyọ̀, ọ̀rá àti omi òjò ti ń pàdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí jáde fún àwọn tó fẹ́ ra tuntun, àti fún àwọn tí ọmọ tàbí àbúrò wọn fẹ́ fi tòkúnbọ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun.

Bọ́nà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òun ni páìpù gígùn tó wà lábẹ́ irin ìyanran, tí gáàsì ń gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ jáde láti jó. Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé gbogbo ìgbà tí omi ẹran oníyọ̀ bá kán sí i ló ń jẹ ẹ́ lára. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé irin ìyanran kúrò kí ẹ lè rí bọ́nà lójúkojú. Tí kò bá gbà, ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bọ́nà tí wọ́n fi irin lásán ṣe, tí wọ́n wá fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, kì í pẹ́. Tí ìbòrí yẹn bá ti jó tán, ìpáàrà á mú ihò rẹ̀ fẹ̀, iná á ga níbì kan, á kú níbòmíràn, ìdajì ẹran á sì máa jóná kí ìdajì kejì tó jinná. Bọ́nà irin kásìtì, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà, nípọn, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n èépá ìpáàrà rẹ̀ máa ń dí ihò, ó sì ń fẹ́ kí èèyàn máa gbọ̀n ọ́n dànù lóòrèkóòrè. Èyí tí owó rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù ni sitéńlẹ́ẹ̀sì 304 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ irú irin tó jẹ́), tó nípọn débi pé tí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, kò ní wọnú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sọ́jà. Sitéńlẹ́ẹ̀sì 430, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ gíríìlì olówó pọ́ọ́kú, máa ń mú òòfà dáadáa. Kò ní nickel nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè dógùn-ún. Irin 304 ní nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún chromium àti ìdá 8 nickel. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, àfi bóyá díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ká a. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ọkàn lé òòfà o. Oríṣi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní 201, tí wọ́n fi manganese rọ́pò púpọ̀ nínú nickel rẹ̀. Òun náà kì í mú òòfà, síbẹ̀ kò lè fara da iyọ̀ tó 304. Nítorí náà, tí òòfà kò bá mú irin, ẹ ṣì wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ìlò tàbí lára páálí. Ilé-iṣẹ́ tó bá lo 304 kì í fi pamọ́. Ńṣe ló máa ń kọ ọ́ gàdàgbà. Tí ìwé bá kàn kọ “sitéńlẹ́ẹ̀sì” láìsí nọ́ńbà, ẹ gbà pé 430 tàbí 201 ni, kí ẹ sì ná owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tó ń gbé nítòsí òkun, bíi Lẹ́kí, Àjáh àti Badagry, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù rárá, nítorí atẹ́gùn oníyọ̀ kì í dúró de ìgbà tí ẹ bá dáná kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Lórí bọ́nà, páànù tó tẹ̀ lójú méjì máa ń wà, tí wọ́n fi ń gba ọ̀rá tó ń kán. Òrùlé bọ́nà ni ẹ jẹ́ ká pè é. Ó ń pín ooru káàkiri, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rá di èéfín dípò kó di iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ ìyà tí bọ́nà ì bá jẹ, nítorí náà ó máa gbó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó fẹ̀ ju bọ́nà lọ lọ́tùn-ún lósì, kó sì jẹ́ èyí tí ẹ lè rí òmíràn rà. Jórinjórin tó mọṣẹ́ lè fi páànù sitéńlẹ́ẹ̀sì tó nípọn tó mìlímítà 1.5 ká irú rẹ̀ fún yín.

Irin ìyanran ńkọ́? Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi chrome bò máa ń dán púpọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á, ṣùgbọ́n kì í gba ooru dúró, ìbòrí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sórí ẹran. Ọ̀pá sitéńlẹ́ẹ̀sì tó nípọn tó mìlímítà 7 sí 9 ló dára jù fún ẹni tí kò ráyè ìtọ́jú. Irin kásìtì ló ń fi àmì iná sára ẹran dáadáa jù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa fi òróró pa á nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀námẹ́ẹ̀lì bò kò gbọdọ̀ já lulẹ̀, tí ìbòrí bá ti bó níbì kan, ibẹ̀ ni ìpáàrà á ti wọlé. Ohun kan tí a fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe: ẹ má fi pẹpẹ inú fíríìjì àlòkù ṣe irin ìyanran. A mọ̀ pé ó máa ń bá gíríìlì mu. Ohun tí wọ́n fi bo irú wáyà bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe ike ì báà ṣe irin mìíràn, wọn kò ṣe é fún iná, kò sì dára kó bá oúnjẹ wọ inú ara.

Àpótí iná, ìyẹn agbada tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, dára jù tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà, nítorí pé kì í dógùn-ún. Páànù tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ló wọ́pọ̀ lára àwọn tó rọjú. Ẹ wo igun rẹ̀ àti ojú bóòtù, ibẹ̀ ló ti máa ń jẹrà. Kẹ̀kẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù àti iná tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì, ẹ má fi wọ́n ṣe ìdí tí ẹ fi ra nǹkan. Bọ́nà ẹ̀gbẹ́ pàápàá, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi sí apá ọ̀tún, kì í sábà ju BTU 10,000 sí 12,000 lọ (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru tó wà nínú gáàsì). Ọbẹ̀ kékeré ló lè sè; ẹni tó bá gbé ìkòkò ìrẹsì àríyá lé e á fi ebi pa àlejò.

BTU tí wọ́n ń pariwo yìí, kì í ṣe bí gíríìlì ṣe ń gbóná tó ló ń sọ. Gáàsì tó ń mu ní wákàtí kan ló ń sọ. Gáàsì kílò 1 ní nǹkan bíi BTU 47,000 nínú. Gíríìlì BTU 33,000 tí gbogbo bọ́nà rẹ̀ ń jó dé òkè yóò mu nǹkan bíi gíráàmù 700 ní wákàtí kan, sílíńdà kílò 12.5 yóò sì gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 18. Kí ẹ tó gba nọ́ńbà náà gbọ́, ẹ fi téèpù wọn irin ìyanran gan-an ní ínǹṣì, gígùn lọ́nà ìbú, kí ẹ fi pín BTU àwọn bọ́nà tó wà lábẹ́ irin ìyanran nìkan. Tí ìdáhùn bá wà láàárín 75 sí 100, ó dáa. Irin ìyanran tó jẹ́ ínǹṣì 24 lọ́nà 18, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 432. BTU 33,000 fún un jẹ́ 76, ó sì tó fún ilé èèyàn 6 sí 8. Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n méjì tí wọ́n ń dá: wọ́n máa ń ka pẹpẹ òkè tí wọ́n ń fi ń mú oúnjẹ gbóná mọ́ ààyè ìyanran, wọ́n sì máa ń ro BTU bọ́nà ẹ̀gbẹ́ mọ́ àpapọ̀. Ìdérí tó wúwo tó sì dé dáadáa ṣe pàtàkì ju BTU 5,000 tí wọ́n fi lé e lọ. Ní tiwa, bọ́nà 3 ló bá ilé mu jù. Ẹ lè tan 2 fún sísun, kí ẹ pa 1, kí ibẹ̀ jẹ́ ibi tí itan àgbò tàbí odindi adìyẹ á ti jinná díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìdérí láìjóná. Oníbọ́nà 1 kò lè ṣe èyí.

Ẹ má sì so gíríìlì oníbọ́nà 3 mọ́ sílíńdà kílò 3. Gáàsì inú sílíńdà jẹ́ olómi, ó sì ń fa ooru lára irin kó tó lè di afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá ń fà á kíákíá jù, sílíńdà kékeré á tutù, ìrì á sẹ̀ sí i lára, iná á máa relẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èyí pààrọ̀ régúlétọ̀, ìyẹn orí sílíńdà tó ń darí gáàsì, nígbà tí kò bàjẹ́.

Ó wá kan tòkúnbọ̀, ibi tí ewu pọ̀ sí jù. Ní Amẹ́ríkà, oríṣi gíríìlì méjì ni wọ́n ń tà tí ojú wọn jọra: ti propane tó ń lo sílíńdà, àti ti gáàsì ilẹ̀ tí wọ́n ń fa páìpù rẹ̀ wọlé. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin róbótó onihò tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà wọ bọ́nà. Ti gáàsì ilẹ̀ fẹ̀ jù. Tí ẹ bá so ó mọ́ sílíńdà wa, iná á ga kọjá ìdérí, á sì pupa, á máa rú èéfín dúdú. Kí ẹni tó ń rà á lọ́hùn-ún ka ìlẹ̀mọ́ tó wà lẹ́yìn gíríìlì tàbí nínú ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó sanwó, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti gáàsì ilẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í tilẹ̀ ta jẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi yí i padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó gbẹ́ jẹ́ẹ̀tì. Ihò tó bá ti fẹ̀ kò ṣe é dín kù mọ́.

Ti propane Amẹ́ríkà ń lo agbára gáàsì tó tó nǹkan bíi mílíbà 27 sí 28 (mílíbà ni wọ́n fi ń wọn bí gáàsì ṣe ń tì jáde tó). Régúlétọ̀ ìdáná tí à ń lò nílé níbí sábà máa ń jẹ́ mílíbà 28 sí 30, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Àwọn méjèèjì sún mọ́ra, nítorí náà agbára kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni orí rẹ̀: nọ́ọ̀tì dúdú ńlá tó wà lórí régúlétọ̀ Amẹ́ríkà kò bá sílíńdà wa mu. Ẹ má ṣe fi tipátipá dè é, ẹ má sì fi rọ́bà wé e. Ẹ tú họ́ọ̀sì régúlétọ̀ náà láti ibi tó ti wọ páìpù gíríìlì. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínǹṣì. Kí oníṣẹ́ gáàsì wá orí tó bá a mu, kó so họ́ọ̀sì gáàsì àti régúlétọ̀ ilé wa mọ́ ọn. Régúlétọ̀ onísítóòfù ńlá, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì àti olóúnjẹ àríyá ń yí orí rẹ̀ láti fi kún iná, kò gbọdọ̀ sún mọ́ gíríìlì ilé.

Ti ìlú Ọba tilẹ̀ rọrùn jù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ I3+ àti 28-30/37 sí lára ìlẹ̀mọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé jẹ́ẹ̀tì kan náà ń ṣiṣẹ́ fún butane ní mílíbà 28 sí 30 àti fún propane ní 37. Níwọ̀n bí gáàsì ìdáná tiwa ti jẹ́ àdàpọ̀ propane àti butane, irú gíríìlì bẹ́ẹ̀ kò ní da yín láàmú. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lò ó ní London nígbà òtútù, ẹ rántí pé butane kì í yọ sókè mọ́ tí òtútù bá ti dé 0°C. Propane ni kí ẹ lò. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, tí iná bá kéré lójijì tí kò sì ga mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ yára ṣí sílíńdà jù ni, tí ìdènà inú régúlétọ̀ sì ti mú un. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ tú régúlétọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ tún un so, kí ẹ rọra ṣí i.

Kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kó bọ́nà àpààrọ̀, òrùlé bọ́nà àti ohun ìtanná sínú páálí kan náà. Owó wọn kéré tí wọ́n bá bá gíríìlì wá nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó máa ń ga gan-an tí wọ́n bá ní láti dá wá lẹ́yìn ọdún 3. Ìdánilójú ọdún 10 tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ní Houston ṣòro láti gbà ní Òṣogbo.

Àwọn jórinjórin wa náà ń ṣe gíríìlì, àwọn mìíràn sì ń ṣe é dáadáa ju ti páálí lọ, nítorí páànù mìlímítà 2 tàbí 3 ni wọ́n ń lò. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn lé lórí. Wọn kò gbọdọ̀ lo páànù tàbí páìpù tí wọ́n fi zinc bò níbi tí iná tàbí ẹran máa kàn, nítorí èéfín zinc kò dára, ata àti tòmátì sì ń yọ ọ́ sínú oúnjẹ. Wọn kò gbọdọ̀ kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà. Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n ra bọ́nà ilé-iṣẹ́ tó ní jẹ́ẹ̀tì àti àyè atẹ́gùn tirẹ̀, dípò kí wọ́n fi dírìlì lu páìpù omi. Páìpù tí wọ́n fi ọwọ́ lu kì í ní ihò tó dọ́gba, gáàsì inú rẹ̀ kì í sì í rí atẹ́gùn pò mọ́.

Tó bá délé, ẹ má tíì tan iná. Ẹ po ọṣẹ olómi àti omi ní ìdọ́gba, ẹ pa gbogbo bọ́tìnì, ẹ ṣí sílíńdà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó ń jò. Ìṣáná kọ́ ni a fi ń wá gáàsì tó ń jò o. Họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 1.5 lọ, kò gbọdọ̀ kan àpótí iná, rọ́bà tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń fa omi kò sì gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò: tí ó bá ti ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Eku fẹ́ràn láti jẹ ẹ́, pàápàá níbi tí ọ̀rá bá kán sí.

Ìta ni kí ẹ ti lò ó, kó jìnnà sí ògiri àti aṣọ tí wọ́n sá, kì í ṣe bákónì, kì í ṣe ilé ìdáná. Gáàsì yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró tó ń jáde nínú iná, kò sì lóòórùn. Ẹ ṣí ìdérí kí ẹ tó tan án, ní gbogbo ìgbà. Tí kò bá ràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí gáàsì tó ti kóra jọ lè tú ká.

Iná tó dáa jẹ́ búlúù, pẹ̀lú pupa rúsúrúsú díẹ̀ lórí rẹ̀. Tó bá pupa pátápátá tó sì ń dúdú, atẹ́gùn kò wọlé tó: ẹ tú skrúù kékeré tó wà lẹ́nu bọ́nà, kí ẹ ṣí ojú atẹ́gùn rẹ̀ díẹ̀. Tó bá ń pariwo tó sì ń fò kúrò lórí ihò, atẹ́gùn ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ dín in kù. Tí iná bá ń jó lẹ́yìn, nítòsí bọ́tìnì, ẹ yára pa sílíńdà. Aláǹtakùn ló sábà máa ń fà á. Ó máa ń wọ ẹnu bọ́nà tí a kò lò fún oṣù díẹ̀, á ta òwú síbẹ̀, gáàsì á wá padà sẹ́yìn. Ẹ yọ bọ́nà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn gba inú rẹ̀ já kí ẹ tó tún un lò. Tí gíríìlì bá ti pẹ́ nílẹ̀ láìlò, èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò.

Láti mọ̀ bóyá ooru rẹ̀ dọ́gba, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú ìdérí ní pípadé, kí ẹ wá to búrẹ́dì tí ẹ gé bo gbogbo irin ìyanran fún ìṣẹ́jú 1. Bí ẹ bá yí búrẹ́dì padà, ibi tó dúdú àti ibi tó funfun á sọ ohun tí ẹni tó tà á kò sọ.

Ìtọ́jú kò pọ̀. Ẹ máa da ọ̀rá inú páànù ìsàlẹ̀ nù nígbà gbogbo. Òun ló máa ń gbiná lọ́jọ́ ọdún. Bó bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ da iyọ̀ tàbí yanrìn sí i, ẹ má da omi sí i. Ìdajì àlùbọ́sà tí ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ń nu irin gbígbóná dáadáa, kò sì ní já wáyà sínú ẹran bíi búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ọ̀rinrin tí ẹ bò mọ́ abẹ́ táfọ́líìnì nígbà òjò ń mú kí irin jẹrà ju òjò fúnra rẹ̀ lọ: ẹ jẹ́ kí gíríìlì tutù, kó gbẹ, kí ẹ tó bò ó, kí ẹ sì ṣí i bí oòrùn bá yọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ kọ irú gáàsì, mílíbà àti nọ́ńbà irin sára ohun tí ẹ ń tà, kí ẹ sì ní bọ́nà àpààrọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ ní kí wọ́n gbé bọ́nà náà jáde kí ẹ rí i, kí ẹ sì gba iye tí wọ́n ń tà á sílẹ̀ lórí rìsíìtì kí ẹ tó san owó gíríìlì.

Àwa oníṣẹ́ àtúnṣe ohun èlò gáàsì,
Ìbàdàn.